Fóònù Abẹ́ Ìrọ̀rí

Iná ìjọba kì í ránṣẹ́ kó tó dé sí Sabon Gari ní Zaria, kì í sì í dágbére kó tó lọ. Ó lè rin ìrìn àjò ọjọ́ márùn-ún láìwẹ̀yìn, kí ìwé owó iná sì dé ní tirẹ̀ láìyẹ ọjọ́. Ìdí nìyí tí Alhaji Sànní, ará Ìlọrin tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Kwangila, fi ṣe òfin kan sínú ilé rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ń jẹ iná kò gbọdọ̀ kúrò lára iná. Fóònù mẹ́ta, tọ́ọ̀ṣì méjì àti rédíò kan ló so mọ́ ẹsitẹ́nṣọ̀n kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tọ̀sán-tòru, iná ìbáà wà, ìbáà má sí. Ó ní kí iná tó bá yọjú lójijì lè bá àwọn nílé. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí eruku ń bà lórí ohun gbogbo, ó mú ògbólógbòó ìborùn ìyàwó rẹ̀, ó fi bo ẹsitẹ́nṣọ̀n náà mọ́lẹ̀.

Ìyàwó yìí, Àlàájà Sarat, ń wẹ ọmọ lójú àlá ní ìdájí ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Omi náà lọ́ wọ́rọ́wọ́. Ọmọ náà kò sunkún, ńṣe ló ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Orúkọ kan wà lẹ́nu Sarat, ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin, ó sì fẹ́ fi pe ọmọ náà nígbà tí òórùn kan wọlé sínú àlá, ó sì tú gbogbo rẹ̀ ká. Òórùn rọ́bà tó ń jó ni.

Ó lajú. Yàrá ṣì ṣókùnkùn díẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti bà lójú wíńdò débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti òde rí bí omi ọ̀gì. Ó kọ́kọ́ wá orúkọ náà lẹ́nu ara rẹ̀ ná. Ó ṣì wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn tó ti ń lá àlá náà, kò sì tíì sọ orúkọ ọ̀hún fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ní ìdílé tiwọn, a kì í dárúkọ ọmọ síta kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò pa á mọ́ sínú títí wọn yóò fi bi í léèrè níwájú ààfáà àti ẹbí. Òní ni ọjọ́ náà pé. Ramlah, àkọ́bí rẹ̀, ti bí obìnrin sí Ìlọrin, aago mẹ́wàá àárọ̀ sì ni wọn yóò sọ ọmọ lórúkọ. Sarat ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti wẹ ọmọ, kó tọ́jú ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dára. Ẹni tó bá ń gbé Zaria mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà kò dára, a kì í túmọ̀ rẹ̀ fún ara wa. Sànní ní òun kò ní fi ìyá àwọn ọmọ òun lé ajínigbé lọ́wọ́ láti lọ jẹ ìkómọ. Wọ́n wá fàdéhùn sí i pé bí ààfáà bá béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹbí ìyá, Sarat yóò pè é láti Zaria sínú fóònù, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ìbòòji ní Ìlọrin yóò sì gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láti fún ọmọ náà nìyẹn.

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí láti mú fóònù náà. Sànní fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ lálẹ́ àná, pẹ̀lú okùn ṣájà lára rẹ̀, kí ìpè Ramlah má baà fo àwọn. Iná dé lẹ́yìn tí wọ́n sùn, ó dé pẹ̀lú agbára bí àlejò tó ti mutí yó, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì tún lọ. Fóònù náà gbóná débi pé Sarat yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó fi etí aṣọ mú un jáde, ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ga sókè, dígí ojú rẹ̀ sì ti ṣí kúrò lára ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá Ramlah, ẹ dìde. Fóònù mi ti wú."

"Fóònù kì í wú," ni Sànní sọ láìlajú.

"Ẹ dìde kí ẹ wá wò ó."

Ó dìde, ó gbà á, ó sì jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì bí ẹni gba iṣu gbígbóná. Hafeezat, ọmọbìnrin wọn kejì, tó ń kàwé ní yunifásítì lọ́hùn-ún ní Samaru, ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Òórùn ló mú un wọlé. Ó ká ìborùn náà kúrò lórí ẹsitẹ́nṣọ̀n, gbogbo wọn sì rí i pé ihò méjì ti yọ́ pọ̀, ìborùn náà sì ti dá ọgbẹ́ dúdú kan láàárín. Fóònù Sànní kò dáhùn mọ́. Fóònù ti Hafeezat, ẹnu ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ ti jó. Ó fi aṣọ gbé ti ìyá rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sórí sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi tí kò sí aṣọ tàbí tìmùtìmù.

"Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, Ìyá. Ó lè gbiná."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Sànní béèrè.

"Bàbá, mo ti sọ ọ́ nílé yìí."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní bó bá ti yó, ká yọ ọ́. Ẹni tó ti yó, kí ni wọ́n tún ń rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu fún?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ohun tó ń gbóná, ẹ tún fi aṣọ bò ó. Ẹ tún gbé òmíràn sábẹ́ orí ìyá mi. Àti ṣájà yẹn, tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú agbọ̀n pẹ̀lú súìtì..."

"Ó ń ṣiṣẹ́!"

"Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe."

Sànní jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àwọn ti ń lo fóònù kí wọ́n tó bí Hafeezat, wọ́n sì kọ́ àwọn pé kí àwọn jẹ́ kó kú pátápátá kí àwọn tó gbé e síná, kí àwọn sì fi í síbẹ̀ di àfẹ̀mọ́jú, kò sì sí fóònù tó wú nígbà náà. Hafeezat ní bátìrì ìgbà náà yàtọ̀. Ó ní èyí tó wà lóde báyìí, bí wọ́n bá ń jẹ́ kó kú lójoojúmọ́, ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ń gé kúrú. Ó fẹ́ kí èèyàn bù fún un díẹ̀díẹ̀, kó má kú, kó má sì yó kọjá àlà.

"Díẹ̀díẹ̀ láti ibo?" Sànní bi í. "Iná tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ márùn-ún, tó wá nígbà tí oorun wọra, ṣé kí n jókòó tì í kí n máa bù ú fún fóònù díẹ̀díẹ̀ ni? Bí mo bá yọ ọ́ tí iná wá dé ńkọ́?"

Hafeezat yọ okùn ṣájà náà kúrò lára ẹsitẹ́nṣọ̀n. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá rẹ̀ sọ, òótọ́ náà sì ń bíni nínú. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ márùn-ún kì í kọ́ ìwà ọmọlúàbí nídìí àwo. Àwọn tó fi ebi pa á wà ní ọ́fíìsì wọn níbi tí iná kì í kú, wọ́n sì ń kọ ìwé owó oṣù tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn," Sarat sọ. Kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ ọ́. Sànní tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Wọ́n tan fóònù tó wú náà wò. Ó tàn. Ó kọ ọ́ sójú pé ó ku mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Sarat rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n Hafeezat mi orí. Ó ní irọ́ ló ń pa, bátìrì tó bá ti wú kì í mọ iye tó kù nínú òun fúnra rẹ̀ mọ́, ó lè wí pé òun ní ọgọ́ta kó sì kú sórí ọ̀rọ̀ náà.

Ògì kókó àti àkàrà kósé tí wọ́n rà lọ́wọ́ obìnrin Hausa tó máa ń dáná lẹ́nu ìloro dúró lórí tábìlì títí ó fi tutù. Màmá Matthew, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ níyà pẹ̀lú tiwọn, wọlé pẹ̀lú ìwé orin ìjọ rẹ̀ lábẹ́ apá. Ará Kàbbà ni, òun àti Sarat sì ti jọ pín iyọ̀ fún ogún ọdún. Ó ní òórùn náà lòun gbọ́ tí òun fi wá.

"Ẹ bá mi mú fóònù yín wá, kí n fi pe Ìlọrin," Sarat bẹ̀ ẹ́.

"Fóònù mi wà lọ́dọ̀ Bashir láti àná, Àlàájà. Ti gbogbo agbo ilé ló wà níbẹ̀. Ó ní jẹnẹrétọ̀ òun kò rí epo mu títí ilẹ̀ fi ṣú, òwúrọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé wọn síná lọ́kọ̀ọ̀kan." Màmá Matthew fa àga jókòó. "Ilé méje, fóònù tó lè sọ̀rọ̀ kò sí. Ní ayé àwọn ìyá wa, ohùn èèyàn ni wọ́n fi ń pe èèyàn, kì í sì í béèrè iná. Kí lẹ fẹ́ pe ọmọ náà gan-an? Ẹ sọ ọ́ sí mi létí, n ò ní sọ fún Matthew."

Sarat rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, wọ́n wí bẹ́ẹ̀." Ó wo ẹsitẹ́nṣọ̀n tó yọ́ nílẹ̀, ó wo ojú Sànní, ó sì rọra fi kún un pé, "Bí ilé bá wá ṣókùnkùn ńkọ́, kí ni wọn ó wò?"

Sànní dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ, Sarat àti Hafeezat ti wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bashir. Hafeezat gbé fóònù náà sínú abọ́ tánganran, láìfi nǹkan bò ó. Ọyẹ́ ti gba àdúgbò pátápátá. Òòrùn tó wà lókè funfun, kò ní agbára, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ ń yọ láti inú eruku, wọ́n ń kọjá, wọ́n sì ń wọ inú eruku padà, bí ẹni pé kò síbi tí wọ́n ti wá, kò sì síbi tí wọ́n ń lọ. Sarat ń rìn bí ẹni tí àlá rẹ̀ kò tíì parí. Ó ń gbóòórùn ọṣẹ ọmọ. Ó ń fi ahọ́n kan orúkọ náà lábẹ́ ẹnu wò ní gbogbo ìgbà, bí ẹni tó fi owó pa mọ́ sétí ìró tó ń fọwọ́ kàn án lọ́nà ọjà.

Bashir ni ẹni tó ń bá àdúgbò gbé fóònù síná. Hausa ni, ṣùgbọ́n àárín àwọn Yorùbá Sabon Gari ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Fóònù bí ọgọ́rùn-ún ló tò sórí pákó gígùn kan, olúkúlùkù pẹ̀lú bébà nọ́ḿbà lẹ́yìn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù débi pé wọ́n ní láti pariwo kíra wọn.

"Sannu, Hajiya." Ó wo inú abọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Subhanallahi. Batir ya kumbura. Ó ti wú gan-an ni." Ó sún okùn iná kúrò nítòsí abọ́ náà. "Mi ò lè gbé èyí síná, Hajiya. Bí mo bá gbé e síná, tèmi àti ti gbogbo èèyàn ló máa jó."

"Mi ò ní kí o gbé e síná. Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

"Ẹ pa á báyìí kó tutù. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ tan án, ẹ sọ̀rọ̀ yín kíákíá, ẹ tún pa á. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń yọ bátìrì ní Samaru. Ẹ má fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ o." Ó gba ti Hafeezat náà yẹ̀ wò, ó sì dá a padà. Ẹnu rẹ̀ ti jó, kò lè jẹun mọ́.

Bashir ní kí wọ́n da nọ́ḿbà Ramlah kọ kí wọ́n tó pa fóònù náà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sórí nínú ilé wọn, fóònù náà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó tẹ nọ́ḿbà náà sórí fóònù tirẹ̀, ó sì na án sí Sarat.

"Ìyá, níbo lẹ wà?" Ohùn Ramlah dé pẹ̀lú ariwo abọ́ àti ti àgbò lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ti ń pè láti àárọ̀. Ara yín le?"

"Ara wa le. Fóònù ló ń ṣàìsàn. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn. Ìyá, ẹ gbọ́. Ìyá Abdulrahman ti ń wí pé bí aago mẹ́wàá bá kọjá, àwọn ò ní mú ààfáà dúró nítorí fóònù, pé àwọn ní orúkọ nílẹ̀. Ẹ sọ orúkọ náà fún mi báyìí. Bó bá di ìgbà náà, èmi á bá yín pè é."

Sarat wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta dúró tí wọ́n ń retí fóònù wọn, ọ̀kan ń fi igi tayín. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí i lójú. Ìyá Abdulrahman, tí í ṣe ìyá ọkọ Ramlah, ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ pé ìyá tí kò wá wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nínú Sarat. Bó bá jẹ́ ẹ̀bá pópó ló ti ju orúkọ yìí síni lọ́wọ́ bí ẹni ń ta búrẹ́dì, obìnrin yẹn yóò mọ̀.

"A kì í sọ ọ́ báyìí, Ramlah. Nínú ilé ni, lórí ẹní, kí bàbá rẹ wà níbẹ̀. Kí wọ́n pè mí ní aago mẹ́wàá. N ó gbé e."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"N ó gbé e, Ramlah."

Bashir ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò lè yá wọn ní fóònù náà mú lọ, nítorí fóònù yẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pe òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n padà wá ní aago mẹ́wàá, òun yóò pa jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ibẹ̀ lè dákẹ́ fún Hajiya. Sarat súre fún un, kò sì gbà. Hafeezat la ẹnu, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ìdájí òní ti sọ tirẹ̀ tó.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n bá Sànní nínú agbádá funfun. Ó ti gbá yàrá, ó ti ju ẹsitẹ́nṣọ̀n náà síta, ó ti tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀, ó sì ti gbé oyin àti dàbínò sínú àwo kékeré. Sànní kì í bẹ̀bẹ̀. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, bó bá ṣẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń gbá. Ó fi tìmùtìmù kan ti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Wọ́n ti wíńdò nítorí eruku, yàrá sì ṣú díẹ̀, ó sì tutù. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, oorun sì ń gbé Sarat lọ, ó ń gbé e bọ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́wàá lù, Hafeezat tan fóònù náà. Ó kọ méjìdínlọ́gọ́ta. Nígbà tí aago lù, ó dún.

Sarat gbé e sétí. Dígí tó ti ṣí kúrò lára rẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í ṣú mọ́ bó bá wà létí gẹ́gẹ́ bí ìṣe fóònù, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sarat. Ó gbọ́ ohùn ààfáà tó ń ké àṣàlátù. Ó gbọ́ tí wọ́n ní ẹbí bàbá pe ọmọ ní Ruqayyat, tí Ìyá Abdulrahman pè é ní Mobọ́lá, tí àwọn èèyàn ṣe àmín wọ̀ọ̀. Ó gbọ́ ọmọ náà tó sín lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Àlá náà padà wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ayé.

"Ìyá ìyá ọmọ ní Zaria," ohùn ààfáà sọ, ó sún mọ́ tòsí, "kí ni ẹ̀yin pè é?"

Ìlọrin dákẹ́ rọ́rọ́. Sarat di ojú. Ó mí kanlẹ̀.

Hafeezat tó jókòó lápá ibẹ̀ ló rí i. Kí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu, ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú.

"Bismillahi," Sarat bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ tí Ọlọ́run fún Ramlah, èmi Sarat, ìyá ìyá rẹ, mo pè ọ́ ní Iredọlá."

Hafeezat na ọwọ́ láti fi kàn án. Sànní di ọwọ́ náà mú, ó sì mi orí.

"Iredọlá, ire tí a retí títí tí a ò rí, kí ó bá ọ nílé. Ọ̀nà tí mi ò rí gbà wá sọ́dọ̀ rẹ, kí ó là fún ọ ní tìrẹ. Kí o rìn ín lọ, kí o rìn ín bọ̀."

"Àmín," Sànní dáhùn.

"Kí ilé rẹ má ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣàánú fún wa bí ẹni ń fún alágbe, kí ó máa jẹ́ tìrẹ láìtọrọ."

"Àmín."

"Ìyá ọkọ ìyá rẹ tó ń wẹ̀ ọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má ro ó. Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kì í ṣe pé mi ò fẹ́ wá."

Sànní tún ṣe àmín. Sarat dúró. Ó ń retí àmín àwọn tó wà ní Ìlọrin. Ó tún dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì dí, ẹ̀rín sì wà létí ẹnu rẹ̀.

"Wọ́n dákẹ́," ó sọ.

Ó la ojú, ó gbé fóònù náà kúrò létí, ó sì wò ó. Ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ibo ni mo dé kó tó kú?"

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, Ìyá," Hafeezat dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Sarat gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, kúrò lórí ẹní. Ní Ìlọrin, wọn ó ti dúró díẹ̀, wọn ó ti pe nọ́ḿbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ààfáà ó ti wo aago rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe àdúà ìparí. Orúkọ tí wọn ò pè kí àdúà tó parí, ìnagijẹ ló kù tó lè jẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun kan náà ló ti sọ ọ́ fún àwọn mìíràn rí.

"Bàbá Ramlah."

"Mo ń gbọ́."

"Ẹ̀yin gbọ́ orúkọ náà?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ pè é."

"Iredọlá," Sànní sọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ẹ pè é sókè."

Sànní gbé orí sókè. Ó jẹ́ ẹni tí kì í pariwo, àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Kwangila a sì máa sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́ iye ọjà. Ó la ẹnu, ó pe orúkọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń pe ọmọ tó ti ṣeré jìnnà sílé, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀kùn sì ń gbọ̀n.

"Alhaji, ta lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?" Màmá Matthew béèrè láti ẹ̀yìn ògiri. "Ta ló ń jẹ́ Iredọlá nílé yín?"

"Ọmọ Ramlah ni," Sarat dá a lóhùn. "Ẹ bá wa pè é."